Ìmóṣùwọ̀nbáramu: Bí a ṣe ń mọ iye ìlà inú maikirosíkóòpù

Ọ̀rọ̀ náà 'wíwọ̀n' nìkan kò tó nígbà tí a bá fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ títóbi ohun tí a fi maikirosíkóòpù wò. Iṣẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀: a ní láti kọ́kọ́ fìdí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ múlẹ̀, kí a tó fi wọn ohunkóhun. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí ni a dábàá pé kí a máa pè ní ìmóṣùwọ̀nbáramu. Kóńgò ni a lè fi ṣe àpèjúwe: ẹni tí ó ra gàrí kóńgò mẹ́ta kò tíì mọ iye gàrí tí ó rà, àfi bí ó bá mọ bí kóńgò ọjà náà ti tóbi tó.

Òṣùwọ̀n méjì ni à ń lò. Èkíní, òṣùwọ̀n ojú, jẹ́ gíláàsì róbótó inú lẹ́ǹsì tí à ń fi ojú sí. Ìlà tí a fín sí i sábà máa ń pín in sí àlàfo 100, ṣùgbọ́n àlàfo wọ̀nyí kò ní iye kan pàtó. Èkejì, òṣùwọ̀n pèpéle, jẹ́ pelebe gíláàsì tí a pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà 100 lórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ maikirómítà 10.

A ó gbé òṣùwọ̀n pèpéle sí ibi tí à ń gbé ohun tí a fẹ́ wò sí. A ó yí lẹ́ǹsì ojú títí àwọn ìlà méjèèjì yóò fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí òdo wọn sì ṣe déédéé. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ibi tí ó jìnnà sí òdo, tí ìlà méjèèjì tún ti pàdé. Bí àlàfo ojú 100 bá ṣe déédéé pẹ̀lú àlàfo pèpéle 25, tí í ṣe maikirómítà 250, àlàfo ojú kan jẹ́ maikirómítà 2.5. Bí a bá pààrọ̀ lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀, tàbí tí a bọ́ sídìí maikirosíkóòpù mìíràn, iye yìí kò wúlò mọ́. A ní láti tún un ṣe.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ fi ìdí rẹ̀ hàn. Entamoeba histolytica a máa fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Entamoeba hartmanni kì í fa àìsàn. Nígbà tí wọ́n bá wà nínú èèpo wọn, wọ́n jọra púpọ̀, títóbi ni a sì fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ti hartmanni kì í tó maikirómítà 10, ti histolytica sì máa ń tó bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó gba àlàfo 3 nínú àpẹẹrẹ wa jẹ́ maikirómítà 7.5. Bí a bá ṣèèṣì lo iye maikirosíkóòpù mìíràn, bí àpẹẹrẹ 4, yóò di 12, a ó sì kọ orúkọ kòkòrò tí kò sí níbẹ̀ sínú ìwé aláìsàn.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ pa ọ̀rọ̀ méjì mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. 'Àlàfo' ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ fún ohun tí ojú rẹ̀ kà. Lẹ́yìn ìmóṣùwọ̀nbáramu nìkan ni ó tó lè kọ 'maikirómítà'.