Ta Ni Onílé Yín, Níbo Ni Ìwé Ti Lè Bá A?

Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló mọ iye owó ilé tí wọ́n ń san, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ orúkọ onílé tán, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ibi tó ń gbé. Kétékà ni wọ́n mọ̀. Òun ló fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, òun náà ló ń gba owó. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti ìlú orí ilẹ̀ lọ.

Ní àwọn abúlé tó wà lórí omi níbẹ̀, orí òpó igi ni wọ́n ń kọ́ ilé lé, pákó sì ni afárá tí wọ́n ń gbà wọlé. Omi iyọ̀ a máa jẹ igi. Òpó lè jẹrà lábẹ́ yàrá tí tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì tí ìjọba gbé wá ń gbé, kí onílé sì wà ní Igbókòdá, ní Èkó tàbí ní Wàrí. Ní Ayétòrò, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé. Bí irú èyí bá bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọdún kan, ọwọ́ ta ni yóò ti béèrè èyí tó ṣẹ́kù? Kétékà yóò ní òun ti fi owó ránṣẹ́.

Ní England, òfin kò fi èyí ṣeré. Òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985 sọ pé bí ayálégbé bá kọ̀wé béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì onílé lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó ilé, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ èsì fún un láàárín ọjọ́ 21. Bó bá kọ̀ láìní àwíjàre, kóòtù lè bu owó ìtanràn lé e. Òfin ọdún 1987 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: títí onílé yóò fi fún ayálégbé ní àdírẹ́sì kan lọ́hùn-ún tí ìwé ti lè bá a, owó ilé kò tíì di sísan. Kì í ṣe pé owó náà bọ́ o. Ọjọ́ tí àdírẹ́sì bá dé ni gbogbo rẹ̀ di gbèsè. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London, ẹ sọ fún wọn.

Ní Èkó, òfin ilé gbígbé ti ọdún 2011 pọn ọ́n ní dandan kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì tó ní orúkọ àwọn méjèèjì, ibi tí ilé wà, iye owó àti àsìkò tó wà fún. Ìtanràn ẹni tó bá kọ̀ ni ₦10,000. Ó dára, àmọ́ orúkọ nìkan kò tó láti fi wá ènìyàn rí. Òfin Èkó kò sì dé Igbókòdá.

Nítorí náà, inú ìwé àdéhùn ni kí ẹ ti béèrè, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Orúkọ onílé ní kíkún, ilé àti àdúgbò tó ń gbé, nọ́ńbà fóònù méjì, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lójú kan lórí omi. Bó bá jẹ́ apẹja tó ń lọ lálọ pẹ́, kí ó dárúkọ ẹnì kan tó wà nílé. Kí kétékà náà mú ìwé tí onílé fọwọ́ sí wá. Bí onílé bá ní, “Ṣé ẹ kò gbà mí gbọ́ ni?”, ẹ rán an létí Suratul Baqarah, ẹsẹ 282, tó gùn jù nínú Kùránì: ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ló wà níbẹ̀. Àwọn onílé kan ń bẹ̀rù pé ayálégbé yóò máa fi ìpè dà wọ́n láàmú. Àmọ́ bí ìjì bá ṣí òrùlé wọn, ta ni yóò sọ fún wọn?

Bí onílé bá kú ńkọ́? Ilé ti di ogún nìyẹn, ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ náà ní ìpín níbẹ̀. Ẹ má ṣe kówó fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn. Ẹ ní kí ẹbí fọwọ́ sí ìwé tó dárúkọ ẹni tí yóò máa gbà á, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì tirẹ̀ náà sílẹ̀.