Èyí Tó Jóná Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Bí rédíò tàbí ṣájà kan bá kú tí a sì tú ìdí rẹ̀, ibi tó dúdú ni ojú kọ́kọ́ máa ń lọ. Fíúsì ti já, a pààrọ̀ fíúsì. Rẹsísítọ̀ kan ti jó bí èédú, a yọ ọ́, a fi òmíràn sí i. A tan iná, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, tuntun náà tún rú èéfín. Ẹni tó ni ín á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun lọ́jà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ iná, ohun tó jóná kì í sábà jẹ́ ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ó dà bí onílàjà tó fara gbọgbẹ́ nínú ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ wo fíúsì: iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á ni pé kó já nígbà tí iná tó ń gba inú rẹ̀ bá pọ̀ jù. Èyí tó já ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹni tó wá ká wáyà lásán lé ojú rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè padà ṣiṣẹ́ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, ó sì tún ti lé ọlọ́dẹ ilé náà lọ.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwádìí ni àtúnṣe, pípààrọ̀ nǹkan ló kẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú pawa kékeré kan, irú èyí tí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kọ́ra sábà máa ń kọ́kọ́ tò. Tiransifọ́mà á gba 230 volt láti ara ògiri nípasẹ̀ fíúsì kan, á sọ ọ́ di 12. Dáyóòdù mẹ́rin á gba iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, wọ́n á mú un gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Kapásítọ̀ kan tó rí bí agolo kékeré á tọ́jú rẹ̀ bí ìkòkò omi, kó má baà máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní 7805 á dín in kù sí 5 volt. Ká wá ní kò sí iná lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ara ń kán á yọ 7805, nítorí òun ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ gbé ẹnu mítà lé kapásítọ̀ tó wà láàárín. Ó yẹ kó bá nǹkan bíi 15 volt níbẹ̀, nítorí góńgó iná 12 volt ti tiransifọ́mà tó 17, dáyóòdù méjì tó ń gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan náà á sì mú bíi 1.4 nínú rẹ̀. Bí 15 náà bá wà níbẹ̀, tiransifọ́mà, fíúsì àti dáyóòdù ti bọ́ nínú ẹ̀sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, 7805 kọ́ ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ibi mẹ́jọ ni àṣìṣe lè sá pamọ́ sí? Bí a bá ń dá a sí méjì báyìí, ìgbà mẹ́ta ni a ó wọ̀n kó tó kù kan.

Ká tún ní 15 wà lórí kapásítọ̀, ṣùgbọ́n 2 péré ló ń jáde lẹ́nu 7805 dípò 5. Ṣé ó ti kú nìyẹn? A ò tíì mọ̀. Ẹ yọ ohun tó ń jẹ iná lẹ́nu rẹ̀ ná, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí 5 bá padà wá, ara rẹ̀ ni 7805 ń dáàbò bò, nítorí wọ́n ti ṣe é kó máa dín iná kù nígbà tí ẹnì kan bá ń fà á jù, kó sì sinmi nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná jù. Ibi tí wáyà méjì ti fara kanra níwájú ni ẹjọ́ wà. Ìgbóná yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí 15 bá wọlé, tí 5 jáde, tí ìdajì amp sì ń kọjá, volt 10 tó kù di ooru watt 5 lára nǹkan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Bí kò bá sí irin tí yóò máa gba ooru náà lára rẹ̀, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á kú, á tutù, á tún jí. Irú àìsàn yìí ló ń mú kí àwọn èèyàn máa sọ pé ayé ló wà nídìí ẹ̀rọ àwọn.

Ẹnì kan lè sọ pé àsọdùn ni gbogbo èyí, pé dáyóòdù kò wọ́n, kí a pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ló yá jù. Owó dáyóòdù kọ́ ni ìṣòro. Ìgbàkígbà tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó ń so nǹkan pọ̀ bá kan bọ́ọ̀dù ló ń pa á lára. Ìlà kọ́pà tín-ínrín tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ṣí kúrò, a sì lè fi dáyóòdù tuntun síbẹ̀ ní orí-kodò. Àṣìṣe kan tí a bá níbẹ̀ á wá di méjì, èkejì yóò sì ṣòro rí ju àkọ́kọ́ lọ nítorí àwa fúnra wa la fi síbẹ̀. Pàápàá nínú ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò fúnra wa, ohun èèlò ni kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ni. Ẹ wo IC 555 tí Hans Camenzind ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ ní 1971, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mú kí iná LED máa ṣẹ́jú. Bí kò bá ṣẹ́jú, ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé 555 ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ kẹrin rẹ̀, èyí tó ń dá a dúró, ni wọn kò so mọ́ ibi kankan, tàbí kó jẹ́ pé LED ni wọ́n fi sódì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bọ́ọ̀dù oníhò tí wọ́n gún gbogbo rẹ̀ sí ni: lára àwọn kan, ìlà tó ń gbé iná lọ ní ẹ̀gbẹ́ já ní agbedeméjì, apá kan níná, apá kejì ṣókùnkùn, ẹni tó tò ó kò sì fura. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ IC fúnra rẹ̀, láàárín ìkíní àti ìkẹjọ, kó má ṣe jẹ́ ihò tí a rò pé iná wà. Àwọn ojú lẹ́ẹ̀dì tí kò gbóná tó nígbà tí wọ́n ń jó o náà ń tan ni. Ó jọ pé ó mú, ṣùgbọ́n ó kàn jókòó lé e lórí ni. (Àwọn àgbà ní kí a wò ó bóyá ó ń dán. Ìyẹn dára fún lẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní òjé nínú, tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù sọ di dandan láti 2006, kì í sábà dán bí ti àtijọ́ kódà bó bá mú dáadáa.)

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ: àwọn ẹnjiníà àdúgbò tí kì í tilẹ̀ mú mítà dání ńkọ́? Wọ́n á gbóòórùn bọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ìdí sukurudiráfà kàn án, rédíò á sì sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe rò pé idán ni wọ́n ń pa. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi í. Ẹni tó bá kan bọ́ọ̀dù tí ohùn já, tó tún padà, ti mọ̀ pé ibì kan kò mú. Gílóòbù tí wọ́n máa ń so mọ́ ojú wáyà iná kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ wò, òṣùwọ̀n gidi ni. Iná gbọ́dọ̀ gba inú gílóòbù náà kó tó dé inú ẹ̀rọ. Bó bá tàn yòò láìrẹ̀, inú ẹ̀rọ ti kanra, gílóòbù sì ti gba ohun tí ì bá jó o mọ́ra. Bó bá kọ mànà tó sì rẹlẹ̀, ọ̀nà mọ́ díẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà tín-ínrín nínú nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí, LED kò lè ṣe é. Ẹ̀rí ni àwọn náà ń wá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹlòmíràn á ní nígbà mìíràn, èyí tó bàjẹ́ lójú náà ló jẹ̀bi. Mo gbà. Láàárín nǹkan bí 1999 sí 2007, àìmọye bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ló kú káàkiri ayé nítorí kapásítọ̀ tí oje inú rẹ̀ kò dára. Orí wọn wú, àwọn kan tilẹ̀ bẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí orí wọn pẹ̀lẹ́bẹ́ tó sì ti gbẹ nínú, ẹni tó pààrọ̀ kìkì èyí tó wú sì tún padà síbẹ̀. Mítà lásán pàápàá lè máà mú irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n rẹ̀ á pé, nígbà tí nǹkan tó ń dí i nínú ti pọ̀ jù. Bákan náà ni bátìrì 9 volt tó ti rẹ̀: ẹ wọ̀n ọ́n lórí tábìlì, á fi 9 hàn yín, ẹ gbé iṣẹ́ lé e, á wálẹ̀ sí 5. Mítà kò purọ́, ìbéèrè tí a bi í ló dáhùn. Kí a sì mọ ohun tí a ń bi í: ẹni tó fi mítà sí ipò amp, tó wá gbé e lé bátìrì lójú méjèèjì, fíúsì inú mítà ló máa já. Àti pé nínú ṣájà àti tẹlifíṣàn, kapásítọ̀ tó kọ́kọ́ gba iná ògiri lè di 325 volt mú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́ lára ògiri. Rẹsísítọ̀ tó tóbi ni kí ẹ fi tú u, kì í ṣe ìka.

Ó ku àwọn bọ́ọ̀dù òde òní, tí gbogbo ọpọlọ wọn wà lábẹ́ ìṣù dúdú kan bí ọ̀dà, tí kò ní àwòrán, tí kò ní nọ́ńbà. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó lè tún inú ìṣù yẹn ṣe. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí wáyà bátìrì ti wọlé, ẹ wo bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ wo ẹnu tí a ń ki okùn ṣájà bọ̀ tí ó ti ń mì. Àwọn wọ̀nyí ni ọwọ́ èèyàn ń kàn, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ já. Bí iná bá dé ẹsẹ̀ ìṣù dúdú náà pé pérépéré, tí kò sì fọhùn, ẹ gbé e sọnù. Ẹ yọ spíkà àti mọ́tò ara rẹ̀ kalẹ̀ ná.