Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í rí fóltì bátìrì

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Ford tún kéde pé kí ọkọ̀ Bronco Sport àti Maverick tó lé ní 272,000 padà wá nítorí bátìrì. Ti oṣù Kẹrin 2024 ló ṣì gbà mí lọ́kàn jù. Ọkọ̀ tó lé ní 456,000 ni tìgbà yẹn kàn, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ lè má mọ̀ pé agbára bátìrì ti já wálẹ̀ lórí ìrìn. Ọkọ̀ lè ṣàdédé kú lójú títì. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ̀ ná?

Ẹ jẹ́ ká fi microcontroller, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí pátákó Arduino Uno tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, ṣe àpẹẹrẹ. Kì í wọn fóltì rárá. Ṣe ló ń fi iná kan wé òmíràn. Ó mú fóltì 5 ṣe òṣùwọ̀n, ó pín in sí ọ̀nà 1,024, ó wá ń ka iye ìpín tí iná tó wọlé kó. Nọ́ńbà lásán ló ń gbé jáde. Àwa la ń sọ ọ́ di fóltì.

Iná bátìrì ọkọ̀ ju 5 lọ, yóò sì ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo resistor méjì, bíi 30 kilo-ohm àti 10, kí 12.6 lè di 3.15. Ìyẹn rọrùn.

Orí òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Uno tó ń gba iná láti USB lè má rí 5 pé, ó lè jẹ́ 4.7. Kóńgò ọlọ́jà tí wọ́n ti lù nídìí wọ inú ni: gàárì kò pọ̀ sí i, iye kóńgò ló pọ̀. Bátìrì tó wà ní 12.0, tó ti ń gbẹ, yóò wá jáde ní nǹkan bíi 12.8, bí èyí tó kún dẹ́múdẹ́mú! Ẹ̀rọ náà ní òṣùwọ̀n mìíràn nínú ara rẹ̀, fóltì 1.1, tí kì í bá iná USB lọ sókè sódò. Àmọ́ àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ pé ó lè jẹ́ 1.0, ó lè jẹ́ 1.2, nítorí náà mítà gidi la ó kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì dín iná bátìrì kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ó má bàa ju òṣùwọ̀n náà lọ.

Ká tilẹ̀ kà á pé, ó ku ibì kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bíi 14 tí ẹ rí, ti alternator tó ń fún bátìrì níná ni. Àfi kí ọkọ̀ sinmi fún wákàtí mélòó kan kí 12.6 tó túmọ̀ sí pé bátìrì kún, kí 12.2 sì jẹ́ bí ìdajì. Ríwáyà tó ní kí ẹ sítáàtì ọkọ̀ kí òun máa wo mítà mọ ohun tó ń ṣe: ìgbà tí ẹrù bá wọ bátìrì lọ́rùn ni àṣírí rẹ̀ ń tú.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àtúnṣe ti 2024 ti kù díẹ̀ káàtó. Ètò inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n tún ṣe nígbà yẹn. Ní 2025, bátìrì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn yóò pààrọ̀. Bátìrì tó bá já nínú lè fi fóltì tó dáa hàn títí di ìṣẹ́jú tó máa kú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ra irú ọkọ̀ yìí ní tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ (VIN) sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ọkọ̀ ojú pópó ti Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, yóò sì sọ fún yín bóyá àtúnṣe náà ṣì kù.