Ọ̀rọ̀ ogún: ohun tí ìdílé ń fi pamọ́, ìwé ìròyìn ti sọ ọ́ tipẹ́

Bí baálé ilé bá kú ní Atakpamé àti àwọn abúlé tó yí i ká, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di ti oko kọfí, oko kòkó àti ilé tó fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò olóògbé lè ní tàwọn ni. Opó àti ọmọ náà lè ní tàwọn ni. Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1963 ni òǹkọ̀wé kan ti fi ṣe ìwé ní Tógò.

Félix Couchoro lorúkọ rẹ̀. Ouidah, ní Bẹ̀nẹ̀ òde òní, ni wọ́n bí i sí ní 1900. Lomé ló kú sí ní 1968. Ó pe ìwé náà ní L'Héritage, cette peste, ìyẹn ni pé àjàkálẹ̀ àrùn ni ogún. Inú ìwé ìròyìn Togo-Presse ni ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ ti ń jáde, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò lówó ìwé lè ra ìwé ìròyìn.

Ṣáájú rẹ̀, Isaac Thomas ti ṣe irú rẹ̀ ní Èkó, ní èdè Yorùbá. Láàárín 1929 sí 1930, ó ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú Akéde Èkó: obìnrin tó jayé pẹ̀lú ọkùnrin rẹpẹtẹ, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀. Thomas ló hùmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni, torí ìgbé ayé ìlú wọn ni wọ́n ń kà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Buchi Emecheta, ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Èkó, dá tọ́ ọmọ márùn-ún ní London lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ pínyà. Ohun tójú rẹ̀ rí nínú ilé ìjọba tó ń gbé, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New Statesman. Ní 1972, ó di ìwé In the Ditch. Nínú Second-Class Citizen, tó jáde ní 1974, ó fi hàn bí àwọn onílé ṣe ń kọ̀ láti fún aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Òfin 1968 ti ka ìwà náà léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ bó ṣe ń dunni tó. Ìtàn ló sọ ọ́.

Tógò náà ní òfin ìdílé láti 1980, wọ́n sì tún un ṣe ní 2012. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè tí ọ̀pọ̀ opó kò gbọ́.

Ìdí nìyí tí àwa oníròyìn fi ń bẹ ẹ̀yin ará oko àti ọlọ́jà: ẹ sọ ìtàn yín ní èdè Ifẹ̀ tàbí Yorùbá, kí ọmọ iléèwé kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pọn dandan kí a dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí Thomas hùmọ̀ kò dójú ti ìdílé kankan, síbẹ̀ gbogbo Èkó ló gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.