Ṣé o mọ̀? Ohun tó ń sọ èèyàn di ọ̀gá, láti orí òfì Ìsẹ́yìn dé pápá àgbáyé

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ òfì tí à ń wọ̀ ròde kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bí íńṣì 4 lọ nígbà tó bá ń ti orí òfì bọ̀? Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀. Bí ọwọ́ bá le níbì kan, tó dẹ̀ níbòmíràn, ọnà rẹ̀ kò ní bára mu. Bí ahunṣọ ṣe lu òwú láàárọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe lù ú títí dìrọ̀lẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé òkúta ló ń mú kí òwú náà le dáadáa? Wọn a nà án gbọọrọ síwájú òfì, wọn a gbé òkúta lé ìdí rẹ̀. Bí aṣọ ṣe ń gùn sí i ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ahunṣọ ń fojú ara rẹ̀ rí ibi tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dé.

Ìforítì yìí wà nínú owó náà. Ṣé o mọ̀ pé Samuel Johnson ti kọ nípa èésú, owó tí ẹgbẹ́ ń dá jọ, sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897? Iye kan náà, ọjọ́ kan náà, láìyẹ̀. Ọ̀pọ̀ òwò ńlá ló ti ibẹ̀ gbérí.

Ká wá bọ́ sí pápá eré. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́, Quadri Aruna, ló na Timo Boll ará Jámánì nínú tẹníìsì orí tábìlì ní Òlíńpíìkì Rio, 2016? Ibẹ̀ náà ni Ṣẹ́gun Toríọlá, akẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré náà, ti kópa nínú Òlíńpíìkì rẹ̀ keje láti 1992.

Ṣé o mọ̀ pé ipò 4 ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ṣe ní ìdíje eré sísá àgbáyé ní Doha lọ́dún 2019, tó tún ṣe ipò 4 ní Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 2021? Kò bínú kúrò lórí pápá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, 2022, ní Eugene, Amẹ́ríkà, ó sá eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Títí di ọjọ́ náà, obìnrin kankan kò tíì sá a bẹ́ẹ̀ rí láyé. Lọ́jọ́ náà gan-an ló tún gba góòlù ìdíje àgbáyé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnu ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni Hakeem Olajuwon wà ní oṣù Kejì, 1995, tí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, fi pè é ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lóṣù náà? Ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ ní Ṣakí lásìkò ooru mọ ohun tí ìyẹn ń gbà.

Òbí Òkè-Ògùn, bí ọmọ rẹ bá ń lépa bọ́ọ̀lù tàbí òwò, mú un lọ jókòó ti ahunṣọ kan. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀gá ayé ń kọ́ wà nílé wa. Ká má fi ṣeré.