Níbo Ni Oníbàárà Yóò Ti Rí Nọ́ńbà Ẹgbẹ́ Yín?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú ìwé pélébé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebè kíkọ tàbí ti oògùn kòkòrò, ṣùgbọ́n ó kan owó tí ń ti inú oko bọ̀ sílé. Bí oníṣòwò kan ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó bá ń wá ẹgbẹ́ tí ó lè ta gàrí, epo tàbí kòkó fún un, níbo ni yóò ti rí orúkọ wọn àti nọ́ńbà tí yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀? Láyé àtijọ́, inú ìwé tẹlifóònù ni. Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ìyípadà yìí ju bí a ti rò ó lọ, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń bá oníṣòwò ṣe nígbà náà ti di iṣẹ́ ọwọ́ oníṣòwò fúnra rẹ̀.

BÍ ÌWÉ TẸLIFÓÒNÙ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1878, ní ìlú New Haven ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a tẹ ìwé tẹlifóònù àkọ́kọ́. Bí a tilẹ̀ ń pè é ní ìwé, ewé kan ṣoṣo ni. Orúkọ 50 ni ó wà lórí rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀: ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kàn dárúkọ ẹni tí ó ń wá fún òṣìṣẹ́ tí ń so wáyà pọ̀. Nígbà tí àwọn onítẹlifóònù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òṣìṣẹ́ kò lè mọ gbogbo wọn mọ́, nọ́ńbà di dandan, ìwé náà sì di ràgàjì. Lẹ́yìn èyí ni a ya àwọn oníṣòwò sọ́tọ̀ sínú ìwé aláwọ̀ ìyeyè, tí a to orúkọ wọn ní iṣẹ́-iṣẹ́, káfíńtà lọ́tọ̀, atúnkọ̀ṣe lọ́tọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní P & T ni ó ń bójú tó tẹlifóònù àti ìwé rẹ̀; lẹ́yìn rẹ̀ ni NITEL, tí a dá sílẹ̀ ní 1985, gba iṣẹ́ náà. Kí a má purọ́, ìwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ kan àgbẹ̀, nítorí wáyà kò dé oko. Títí di ọdún 2000, gbogbo wáyà tẹlifóònù tí ó wà ní Nàìjíríà kò pé mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ ni àwa ènìyàn ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ.

Síbẹ̀, ìwé yẹn ní ìwà kan tí ó yẹ kí a rántí. Nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ilé. Láti orí òpó ni wáyà ti wọ inú ilé náà lọ, àdírẹ́sì ilé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Ẹni tí ó bá rí 01 níwájú nọ́ńbà mọ̀ pé Èkó ni. Bí ó bá rí 02, ó mọ̀ pé Ìbàdàn ni. Bí oníṣòwò bá gba owó yín tí kò fi ọjà ránṣẹ́, ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó lọ kàn.

OHUN TÍ Ó MÚ KÍ Ó KÁSẸ̀ NÍLẸ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Láìpẹ́, síìmù di ohun tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni ń ra àkàrà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń bá ẹni tí ó rà á káàkiri, láti Ṣakí dé Badagry. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta síìmù kò tẹ ìwé orúkọ kankan fún ará ìlú. Òtítọ́ ni pé láti 2011 ni a ti ń forúkọ síìmù sílẹ̀, àti pé ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ìjọba pàṣẹ kí a so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò bí ìwé tẹlifóònù. Ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Lókè òkun, owó ni ó fà á. Owó ìpolówó tí àwọn oníṣòwò ń san ni a fi ń tẹ ìwé aláwọ̀ ìyeyè, tí a sì fi ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé owó náà lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé kò rí oúnjẹ jẹ mọ́. Ìjọba Faransé tilẹ̀ ti rí i ṣáájú: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń pín ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ Minitel fún àwọn onítẹlifóònù kí wọ́n lè máa fi í wá orúkọ dípò ìwé, ó sì ṣiṣẹ́ títí di oṣù kẹfà ọdún 2012. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Brighton ni ìwé aláwọ̀ ìyeyè ti bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ìlú náà ni a ti pín ẹ̀dà rẹ̀ ìkẹyìn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019.

TA NI Ó Ń KỌ ÌWÉ TUNTUN?

Ìwé tuntun kò ní ojú ewé tí a ń ṣí. Ẹni tí ó bá ní fóònù tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì yóò tẹ ohun tí ó ń wá àti ìlú tí ó ń fẹ́ ẹ, orúkọ àti nọ́ńbà yóò sì jáde, pẹ̀lú àwòrán ọ̀nà àti ohun tí àwọn tí ó ti rajà níbẹ̀ rí sọ. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti Google, tí ń fi orúkọ ibi iṣẹ́ sórí máàpù. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín síbẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹ kò sí níbẹ̀, tàbí kí àjèjì kọ ọ́ bí ó ti wù ú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ méjì tí ń yan gàrí ní agbègbè kan náà. Gàrí ti ìkínní kò sàn ju ti èkejì lọ, ẹbu wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ti fi orúkọ rẹ̀ sórí máàpù, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, ó sì sọ iye àpò tí ó lè kó jọ lọ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Alájàpá ni ó ń dúró dè. Nígbà tí onílé-oúnjẹ kan ní Ìbàdàn fẹ́ máa ra gàrí lóṣooṣù, ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ni ó rí. Ó sì lè jẹ́ pé alájàpá tí ń ra ti ẹgbẹ́ kejì ti fi orúkọ ara rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó máa ta gàrí wọn fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ní iye tí wọn kò lè mọ̀. A kò bú alájàpá. Òun ni ó ń gbé ọkọ̀ wọ ọ̀nà tí kò dára, èrè rẹ̀ sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò mọ ẹlòmíràn tí ó lè tà fún, iye tí alájàpá bá pè ni yóò gbà. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò.

BÍ A ṢE Ń FI ORÚKỌ SÍLẸ̀

Kí ẹgbẹ́ ra síìmù tirẹ̀, tí kì í ṣe ti alága tàbí ti akọ̀wé. Kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ gẹ́lẹ́ bí ó ti wà lórí ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ yín, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń tà àti oṣù tí ẹ máa ń ní i, àti òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń tà á, nítorí kọ́ńgò ìlú kan kì í ṣe kọ́ńgò ìlú kejì. Ẹ ya àwòrán ẹbu àti ọjà yín nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Google yóò béèrè ẹ̀rí pé ẹ̀yin ni ẹ ni ibẹ̀: nígbà mìíràn yóò fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí fóònù, nígbà mìíràn yóò ní kí ẹ ya fídíò ibi iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ abúlé wa kò ní orúkọ òpópónà tàbí nọ́ńbà ilé, èyí sì ti mú kí àwọn mìíràn rò pé àwọn kò lè wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí máàpù Google, gbogbo ibi ni ó ní àmì kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ tí àmì ìròpọ̀ wà láàárín wọn, tí a lè lò bí àdírẹ́sì. Ẹ fi ìka tẹ orí ẹbu yín lórí máàpù, kí ẹ di ìka mọ́lẹ̀. Àmì náà yóò jáde. Awakọ̀ tí kò dé abúlé yín rí lè fi í dé ẹnu ọ̀nà ẹbu.

KÍ A TÓ FI OWÓ RÁNṢẸ́

Bí ó ti rọrùn fún yín láti kọ orúkọ yín, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rọrùn fún gbájúẹ̀. Lórí máàpù Google, ẹnikẹ́ni lè dábàá pé kí a yí nọ́ńbà ibi kan padà. Ní ilẹ̀ Índíà ní 2018, àwọn olè fi nọ́ńbà tiwọn rọ́pò ti ẹ̀ka báńkì kan lórí máàpù náà. Àwọn oníbàárà tí ó pe nọ́ńbà yìí rò pé báńkì ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì sọ àṣírí káàdì wọn. Orúkọ tí ó hàn nígbà tí fóònù ń dún kì í ṣe ẹ̀rí pẹ̀lú. Truecaller, tí a dá sílẹ̀ ní Swídìn ní 2009, lè gbé orúkọ tí ẹni tí ń pè yín fún ara rẹ̀ jáde, tàbí èyí tí àwọn ẹlòmíràn pè é.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra ajílẹ̀ tàbí oògùn apako lọ́wọ́ ẹni tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀ àjọ CAC, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ń forúkọ irú ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀, kì í ṣe CAC. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín ni ẹ fẹ́ bá dòwò pọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike oògùn. Ẹ ní kí ọmọ ìlú yín kan tí ń gbé nítòsí ibẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ ra díẹ̀ ná. Inú àkáǹtì tí ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kí owó lọ, kì í ṣe ti ẹnì kan.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Kí akọ̀wé má ṣe gbé ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tàbí ti àkáǹtì wọn, sí gbangba. Òfin tí ń dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ nìkan ni ti ìta.

Pásíwọ́ọ̀dù tí a fi ń ṣí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọmọ akọ̀wé tí ó bá wa ṣe é nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì tì í mọ́ inú àpótí tí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà. Bí a bá yan akọ̀wé tuntun, kí a fi síìmù àti pásíwọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀, kí a sì yí pásíwọ́ọ̀dù padà ní ọjọ́ náà gan-an. Ní ìpàdé oṣooṣù, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan wá orúkọ ẹgbẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, kí ó pe nọ́ńbà tí ó bá rí níbẹ̀, kí gbogbo ìpàdé sì gbọ́ bóyá fóònù ẹgbẹ́ ni ó dún.