Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Ṣe Ń Kọ́ Láti Bi Ẹlẹ́rìí Léèrè

Ẹni tó gboyè òfin ní yunifásítì kò tíì lè dìde gba ẹjọ́ rò fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ Minna tó bá fẹ́ di lọ́ọ́yà ṣì ní láti lọ sí Law School ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1963, tí olú ilé rẹ̀ sì wà ní Bwari, lẹ́bàá Àbújá, báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹjọ́ ìdánrawò. Wọ́n tún máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kóòtù gidi àti ọ́fíìsì lọ́ọ́yà kí wọ́n lè fojú rí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló la ọ̀nà ìbéèrè sílẹ̀. Lọ́ọ́yà tó pe ẹlẹ́rìí ló máa kọ́kọ́ bi í. Ti alátakò á wá tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni àkọ́kọ́ lè padà wá la ohun tó bá ta kókó. Abala 221 kò gbà kí èèyàn fi ìdáhùn sí ẹlẹ́rìí tirẹ̀ lẹ́nu láìgba àṣẹ adájọ́, ṣùgbọ́n ó gbà á fún ẹlẹ́rìí alátakò.

Ibi tí èèyàn ti ń tú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí alátakò wò yìí ló le jù láti kọ́. Ká ní ẹlẹ́rìí kan ní òun rí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. “Ilẹ̀ ti ṣú, àbí?” Bẹ́ẹ̀ ni. “Kò síná ní àdúgbò?” Kò sí. “Òdìkejì títì lẹ wà?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu á máa yún un, á béèrè pé, “Báwo lẹ ṣe wá dá a mọ̀?” Ẹlẹ́rìí á dáhùn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, kò sóhun tí òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àṣekágbá níwájú adájọ́ ni àyè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní Minna, iṣẹ́ náà tún gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kóòtù gíga, ṣùgbọ́n Nupe, Gbagyi tàbí Hausa ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí ń sọ, ògbufọ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé e bọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, nítorí náà lọ́ọ́yà gbọ́dọ̀ máa wo bírò rẹ̀ kó tó béèrè òmíràn. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé adájọ́, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò ní rí i. Mo gbà tọkàntọkàn pé ẹjọ́ ìdánrawò tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò tó fún irú ìlú yìí: kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́rìí ní Nupe, kí òmíràn ṣe ògbufọ̀, kí olùkọ́ máa fọwọ́ kọ ìdáhùn, kí ẹni tó ń béèrè sì fi ohun kan ṣoṣo sínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.